Àwọn Ẹlẹ́rìí Àfọ́kù Ìràwọ̀

Bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi, ojú ẹni tó béèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ oníkánjú, màá ní físíìsì ni mo kọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó ti jókòó dáadáa, màá ní àfọ́kù ìràwọ̀ ni mò ń wò. Ìràwọ̀ ńlá kì í wà títí láé. Bó bá ti jó gbogbo ohun tó ní tán, ó máa ń wó lu ara rẹ̀, á fọ́ dànù, á sì da inú rẹ̀ káàkiri ojú ọ̀run. Ohun tó dà sílẹ̀ yẹn, tó ń sáré lọ láti ìgbà náà, ni mò ń pè ní àfọ́kù. Ó gbóná débi pé ìtànṣán ẹ́síréè ló ń tú jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń wo eegun nílé ìwòsàn. Afẹ́fẹ́ ilé ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán yẹn dé ilẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán rẹ̀ wà lókè, ó kọjá afẹ́fẹ́. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà kì í ṣe ahun. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n máa ń kó àwòrán náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá wù wá kó o. Èmi tí mo jókòó sí Ndogbong, níbi tí yunifásítì wa wà ní Douala, lè kó o bí ọmọ òyìnbó ṣe ń kó o, bí iná bá ti wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ́síréè yìí kó mi sí wàhálà ní New Bell, àdúgbò tí wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun obìnrin ń fi ẹ́síréè wo ìràwọ̀, àmọ́ ẹ́síréè nìkan làwọn èèyàn gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àwòrán àyà àti ti ìbàdí wá sílé wa. Ìyá àgbà kan gbé ti orúnkún rẹ̀ wá. Mo ṣàlàyé títí fún wọn pé ìràwọ̀ ni tèmi, mi ò mọ nǹkan kan nípa orúnkún. Wọ́n ní bí ojú mi bá lè rí ohun tó wà lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀, orúnkún àwọn tó wà níwájú mi kò yẹ kó le. Kí ni n bá wí? Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo wò ó, mo ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an, wọ́n sì sọ káàkiri pé mo mọ iṣẹ́.

Àpò ìrìnàjò ni bàbá mi ń tà. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó ti Nàìjíríà wá, Douala ló ti fẹ́ ìyá mi, ibẹ̀ ló ti bí gbogbo wa. Faransé rẹ̀ jẹ́ Faransé ọjà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi rẹ́ ẹ jẹ. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ń rí òjìji èèyàn, kò rí ojú wọn mọ́. Síbẹ̀, òun ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ní New Bell fi sípò ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni tó bá ní òun rí oṣù lẹ́nu wò, nígbà tí ààwẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá fẹ́ parí. Lóòótọ́, àwọn àgbà ẹ̀sìn máa ń ṣe ìkéde tiwọn, àmọ́ àwọn bàbá wa fẹ́ràn kí àwọn náà fúnra wọn wò ó. Bàbá mi kì í sì í gba ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé èmi àti ẹ̀ lè bá ògiri jiyàn títí ògiri á fi bẹ̀bẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gba oyè másítà dá lórí àwòrán méjì. Àfọ́kù ìràwọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n ya ọ̀kan àti ìgbà tí wọ́n ya èkejì. Àfọ́kù náà rí roboto, etí rẹ̀ ló sì mọ́lẹ̀ jù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé etí rẹ̀ ti sún láàárín ọdún wọ̀nyẹn? Ohun tó fọ́ yẹ kó ṣì máa tú lọ. Àmọ́ ó jìnnà sí wa débi pé irú ìsún bẹ́ẹ̀ kì í ju bín-ín-tín lọ nínú àwòrán. Kí a tó lè rí i, a gbọ́dọ̀ tẹ́ àwòrán kan lé èkejì kí wọ́n ṣe rẹ́gí, a sì nílò ohun kan tó wà nínú méjèèjì tí kì í ṣe ara àfọ́kù náà. Mo rí ìràwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó hàn kedere. Mo fi í de àwòrán méjèèjì pọ̀, bí téèlọ̀ ṣe ń fi píìnì kan ṣoṣo mú aṣọ méjì. Mo wá ń ṣí èkíní, mo ń ṣí èkejì, lórí kọ̀ǹpútà. Etí tó wà níhà ìlà-oòrùn fò síwájú. Mo pariwo nínú yàrá ìwádìí débi pé ẹni tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ta jí.

Olùdarí iṣẹ́ mi kì í pariwo. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì máa ń wo nǹkan pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wo àwòrán mi, ó tún un wò, ó ní kí n wo ìhà ìwọ̀-oòrùn náà. Mo wò ó. Etí tó wà níbẹ̀ dúró gbagidi, kò sún rárá. Ó bi mí pé nígbà tí ìkòkò bá fọ́, ṣé apá kan ṣoṣo ni àfọ́kù rẹ̀ máa ń tà sí?

"Ma fille," ó ní, "c'est peut-être ton image qui a glissé."

Ìyẹn ni pé bóyá àwòrán mi ló yọ̀, tí àfọ́kù náà kò sún rárá. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ló fi sọ èyí tó kù. Bí mi ò bá lè fi hàn pé àfọ́kù ló sún, tí kì í ṣe àwòrán, orí ìwé tí mo kọ lórí ìsún náà gbọ́dọ̀ jáde kí n tó gbé iṣẹ́ mi síwájú ìgbìmọ̀. Àwa méjèèjì la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ti fún mi láyè láti wá ṣe oyè dókítà, àmọ́ nítorí orí ìwé yẹn ni, wọ́n sì ń retí rẹ̀. Láìsí i, kò ní ku nǹkan kan nínú iṣẹ́ mi ju àlàyé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe, àyè náà á sì bọ́.

Mo jáde pẹ̀lú ìbínú. Lórí bẹ́ńsíkìn, ìyẹn ọ̀kadà tiwa ní Douala, láti Ndogbong títí dé New Bell ni mo ń bá olùdarí mi jà nínú ọkàn mi. Òṣùpá lé, ẹ ní kò gún. Kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o lọ tún un ṣe. Ó jọ pé èyí tó kẹ́yìn yẹn bọ́ sí mi lẹ́nu, nítorí ọlọ́kadà bi mí bóyá òun ni mò ń bá wí. Mo ní rárá, kó máa wo iwájú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń wá oṣù ààwẹ̀. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí bàbá mi fi ní kí n bá òun gòkè. Ilé alájà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí wa, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wò ó. Lójú àwọn àgbà, ẹni tó ń kàwé lórí ọ̀run gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oṣù sá pamọ́ sí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìṣirò lè sọ ibi tó yẹ kó wà, àmọ́ kò lè bá wọn ká kùrukùru kúrò lójú ọ̀run Douala. Wọ́n á ní kí n fi àròyé sílẹ̀, kí n ṣáà máa wò ó. Mo wò ó. Kùrukùru ni mo rí, àti aṣọ tí ẹnì kan sá tí kò ká. Bàbá mi jókòó sórí àga ike, ó kẹ̀yìn sí ibi tí gbogbo wa kọjú sí. Ó ní ojú òun kò wúlò níbẹ̀, etí òun ló wá ṣiṣẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá jẹ́rìí sáré gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ni, èèyàn dáadáa, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní òun ti rí oṣù, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ kedere. Àwọn kan ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè, ó bi í níbi tó wà nígbà tó rí i. Ó ní orí bẹ́ńsíkìn ni, òun ń bọ̀ láti Kotto. Ọwọ́ wo ni oṣù wà? Ó ní ọwọ́ ọ̀tún. Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ló wà títí? Ó ronú, ó ní rárá, nígbà tó yá ó ti bọ́ sí òsì, lẹ́yìn náà ó wà lókè òpó iná kan. Òpó wo? Ó ní àwọn òpó ń kọjá lọ ni, òun ò mọ èwo. Àwa tó dúró ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, nítorí inú ṣì ń bí mi, mo sì ń wá ẹni tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ń rìn," ó ní, "ohun tó o rí ń rìn. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ká gbà gbọ́? Jókòó, ọmọ mi, a dúpẹ́."

Ẹ̀rín gé kúrò lẹ́nu mi. Mo di ògiri òrùlé mú. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ìràwọ̀ yẹn de àwòrán mi, mi ò bi í léèrè rí bóyá òun fúnra rẹ̀ ń rìn. Mo mọ̀ pé ìràwọ̀ ń rìn. Ẹni tó bá ka ìwé tí mo kà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìrìn wọn kéré, ìgbésí ayé èèyàn kan kì í sábà tó láti rí i, mo sì ti gbà pé kò lè dí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìsún tí èmi náà ń wá kéré. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò sì mọ̀ bóyá orí bẹ́ńsíkìn ló wà.

Ọkùnrin méjì mìíràn dé lẹ́yìn náà, jórinjórin kan àti ẹnì kan tó ń ta aṣọ. Àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Bàbá mi ní kí ọ̀kan dúró ti òun, kí wọ́n mú èkejì lọ sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kó má baà gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ó bi èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ibi tó dúró sí, ibi tí oòrùn ti wọ̀, bí oṣù ṣe ga tó sí i, àti ibi tí ìwo rẹ̀ kọjú sí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu: oṣù wà lókè ibi tí oòrùn wọ̀, ó sún sí ọ̀tún díẹ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sókè bí abọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bàbá mi ti gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ tán. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí gbogbo wa.

"A ti rí i," ó ní.

Gbólóhùn tó máa ń sọ nìyẹn, kì í fi nǹkan kan kún un. Ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti rí oṣù gbẹ̀yìn, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ pé wọ́n ti rí i. A ti rí i ni tirẹ̀. Gbogbo òrùlé dáhùn pé Alihamudulilahi, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ múra ààwẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, mo dé Ndogbong kí yàrá ìwádìí tó kún. Ẹ̀rọ mìíràn wà lókè ọ̀run tó jẹ́ pé wíwọn ìrìn àwọn ìràwọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀; ohun tó bá wọ̀n náà ń bẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wá ìràwọ̀ mi níbẹ̀. Kò jìnnà sí wa rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì ń rìn. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, ó ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè nílé. Mo gbé orí lé tábìlì. Ó yé mi kíá: nígbà tí mo fi dandan mú un dúró sójú kan nínú àwòrán méjèèjì, gbogbo ohun yòókù ni mo tì sí ìlà-oòrùn. Olùdarí mi sọ òótọ́, àwòrán mi yọ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tì í. Ó dùn mí wọra. Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá nǹkan kan máa ṣẹ́ kù bí mo bá yọ ìrìn ìràwọ̀ náà kúrò.

Mo bá wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí àwọn àmì kéékèèké káàkiri ẹ̀yìn àfọ́kù náà, tí wọn kò mọ́lẹ̀ tó nǹkan, tí ẹni tí kò mọ̀ á pè wọ́n ní ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Agbo ìràwọ̀ ńláńlá ni wọ́n, wọ́n sì jìnnà réré débi pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ń rìn, àwọn ọmọ-ọmọ wa kò ní rí i. Ẹlẹ́rìí tó dúró sójú kan nìyẹn. Ìṣòro wọn ni pé ohùn wọn kéré: ìtànṣán tó dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan, kò sì sí èyí tó lè dá jẹ́rìí. Mo ṣe bíi bàbá mi. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bo gbogbo àwọn yòókù, mo fi ẹyọ kan de àwòrán méjèèjì, mo gbọ́ tirẹ̀, mo pa á mọ́, mo tú u, mo mú òmíràn. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun àwòrán, níbi tí ẹ̀rọ náà kì í ti í ríran dáadáa, mo ti lé wọn jáde kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣa àwọn tó gbè mí. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Mo jókòó dè é, mo ń kùn.

Nígbà tí mo kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, wọ́n fẹnu kò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju bó ṣe yẹ kó rí lọ. Mo wá tẹ́ àwòrán kan lé èkejì bí gbogbo wọn ṣe wí, mo ṣí èkíní, mo ṣí èkejì. Etí ìlà-oòrùn sún, àmọ́ kò fò bíi ti àkọ́kọ́. Mo gbójú lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ibi tó ti dúró gbagidi sí mi lójú láti ìgbà yìí wá. Ó sún. Ó tiẹ̀ sún ju ìlà-oòrùn lọ. Àfọ́kù náà ń tú sí gbogbo ìhà bó ṣe yẹ kí ohun tó fọ́ tú. Ìlà-oòrùn tí mo rò pé ó ń sáré gan-an ló ń lọ́ra, nítorí ibẹ̀ ló ti ń kọlu afẹ́fẹ́ tó nípọn tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, ìkọlù yẹn náà ló sì jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ìràwọ̀ alárìnká yẹn ti fi ìsún ìwọ̀-oòrùn pamọ́ fún mi. Mo fẹ́ pariwo, òùngbẹ kò jẹ́. Mo dìde, mo jó yí tábìlì ká ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ètè gbígbẹ. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè wí lọ. Mo ti rí ìsún ohun tó fọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa tó dáyé, àṣìṣe mi kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́.

Mo gbé e lọ bá olùdarí mi. Ó ní kí n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún òun. Ó yọ ẹlẹ́rìí kan, ó tún ìṣirò náà ṣe. Ó dá a padà, ó yọ òmíràn. Ó wá ẹ̀bi títí, tíì rẹ̀ tutù, kò rántí mu ún. Nígbẹ̀yìn ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kí n má yọ orí ìwé náà mọ́ o, kí n gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti rí ọgbọ́n náà. Mo ní lórí òrùlé ni. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Nílé, nígbà tí a ń ṣínu, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó bi mí bóyá àwọn ẹlẹ́rìí mi pọ̀. Mo ní wọ́n pọ̀. Ó bi mí bóyá mo yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Mo ní mo yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ń retí kó sọ gbólóhùn rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ní òun kọ́ ni adájọ́ níbẹ̀, kí àwọn àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ gbọ́, kí ìyá mi sì bu ògì sí i fún òun. Ó dùn mí, mo sì fi ìbínú jẹ àkàrà tirẹ̀ mọ́ tèmi.

Ààwẹ̀ ti parí tipẹ́ nígbà tí ọjọ́ soutenance mi pé, ìyẹn ọjọ́ tí mo máa gbèjà iṣẹ́ mi níwájú ìgbìmọ̀. Bàbá mi kò dá wá. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí tò tẹ̀ lé e pẹ̀lú fìlà àti agbádá, ọkùnrin onífóònù wà láàárín wọn, ìyá àgbà tó ni orúnkún náà wà níbẹ̀, ìyá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì gbé kúlà oúnjẹ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò sí ìgbéyàwó níbí o. Bàbá mi ní òun mọ̀, oṣù làwọn wá wò. Wọ́n wọlé, wọ́n gba ìlà iwájú, wọ́n jókòó tìrìgbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wáàsí.

Faransé ni mo fi sọ̀rọ̀. Ohun tó yé wọn nínú rẹ̀ kò pọ̀, ojú mi ni wọ́n ń wò. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ obìnrin tó wá láti ìlú mìíràn, kì í fi ìbéèrè ṣeré. Ó gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ lé àwòrán mi, ó sì béèrè ohun tí ń lé mi jáde lójú oorun tẹ́lẹ̀: kí ló mú un dá mi lójú pé kì í ṣe àwòrán ló yọ̀? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ìbéèrè tó fẹ́ pa mí ti di èyí tí mò ń retí. Mo fi ìràwọ̀ tó ń rìn hàn wọ́n, mo ní òun ni mo kọ́kọ́ gbà gbọ́, mo sì fi ohun tó ṣe sí àwòrán mi hàn wọ́n. Mo wá pe àwọn ẹlẹ́rìí mi síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n yọ èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú wọn. Mo yọ ọ́, èsì kò yí padà. Ó ní kí n yọ òmíràn sí i. Èsì kò yí padà. Ó bi mí bí mo ṣe ronú dé ibẹ̀, mo sì sọ ìtàn ọkùnrin tó rí oṣù láti orí bẹ́ńsíkìn. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin onífóònù dìde, ó tẹrí ba fún gbogbo èèyàn, ojú kò tì í rárá.

Wọ́n ní ká bọ́ síta kí àwọn fikùn lukùn. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, gbogbo wa dúró, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Alága kà á jáde: très bien, ìyẹn ni pé ó dára gan-an, pẹ̀lú ìkíni gbogbo ìgbìmọ̀. Olùkọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun yẹn ti ń gbọ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àyè mi ń dúró dè mí. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀, èmi náà bú sẹ́kún, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Níbí tiwa, wọ́n máa ń fún ẹbí láyè láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìdájọ́. Bàbá mi dìde. Gbogbo èèyàn rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Kò tíì kọjú sí ìgbìmọ̀. Ó yí sí ibi tó ti gbọ́ ohùn mi.

"Ìyá mi," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí, "ṣé ó rìn?"

"Ó rìn, Bàbá."

"Apá kan ni, àbí apá méjèèjì?"

"Apá méjèèjì ni, Bàbá."

Ó wá kọjú sí tábìlì ìgbìmọ̀, ó fi Faransé ọjà bi alága bóyá àwọn náà rí i: "Et vous, vous avez vu?" Ẹ̀rù bà mí pé obìnrin náà máa bínú. Ó wo bàbá arúgbó tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì dìde dúró kó tó dáhùn pé àwọn ti rí i.

"Oui, papa," ó ní. "Nous avons vu."

Ẹ̀rí ẹnì kan kò tó bàbá mi. Ó yí sí ìhà tí olùdarí mi wà, ó bi òun náà lọ́tọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn dáhùn pé òun náà ti rí i. Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí àwọn ará New Bell.

"A ti rí i," ó ní.

Gbogbo wọn dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn lórí òrùlé, èmi náà sì dáhùn pẹ̀lú wọn.